Ìyẹ̀fun Tí Leah Jẹ́rìí Sí

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ jàre. Ṣé èmi ni mo kó àrùn kíndìnrín ran Leah ni? Ìyàwó àbúrò mi ni, ẹja ló ń yan ní Ìlàjẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti ń wú kí n tó gbé ìyẹ̀fun mi dé láti Onípánu. Ìyẹ̀fun tó ń mú eegun le ni, inú agolo ló wà. Lọ́dún tí ṣọ́jà gbéjọba fún alágbádá, ta ni kì í ta á ní Bàrígà?

Ó mu ún fún oṣù méjì, ara rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀. Èmi ni mo tì í jáde ní Sọ́ńdè. Ó jẹ́rìí níwájú ìjọ, ìjọ pariwo halelúyà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, obìnrin mọ́kànlá ti wá rà lọ́wọ́ mi.

Lóṣù kẹta, dókítà là á mọ́lẹ̀ fún òun àti Hadassah, àkọ́bí rẹ̀ tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Palmgrove. Kíndìnrín Leah ò lè yọ ìyẹ̀fun yẹn kúrò lára mọ́, inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ló ń lọ le sí. Kó dá a dúró kíá, kí wọ́n lè rí iṣan tó rọ̀ tí wọ́n máa fi fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Leah wá bá mi. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ dá a dúró."

"Ìwọ tí o jẹ́rìí? Ẹyin lọ̀rọ̀ o, bó bá bọ́, kì í ṣeé kó. Ó dáa, lọ dúró níwájú ìjọ, kí o sọ fún wọn pé irọ́ lo pa mọ́ Ọlọ́run."

Ó sunkún lọ sílé, ó sì ń mu ún lọ. Mi ò kórìíra rẹ̀ o. Ọjà mi ni mò ń ṣọ́.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ la apá rẹ̀ ní ọsibítù láti fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, iṣan ti gan. Wọ́n yẹ ọ̀tún wò, wọ́n yẹ òsì wò, pàbó. Ọjọ́ kẹrin ló kú.

Bí a ṣe sin ín tán, Hadassah fà mí lọ sẹ́yìn ilé. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Àǹtí, ìyẹ̀fun yín yẹn..."

 Bó bá la ẹnu yẹn níwájú ìjọ, mo gbé!

Mo yára gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu: "Ta ló ń po ó mọ́ ògì fún un?"

"Èmi ni."

"Ṣé o pa ọjọ́ kankan jẹ?"

Ó wolẹ̀. "Ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ dókítà ló bà mí lẹ́rù. Mi ò sọ fún màmá mi, ògì lásán ni mo gbé fún wọn."

"Háà! Hadassah! Ọjọ́ mẹ́ta yẹn ló pa á."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ìyá rẹ̀ pé kó dárí ji òun. Mo dúró tì í títí mo fi rí i pé ó gbà mí gbọ́.