Àwọn Olóyè Abẹ́ Tapólì

Ní ilẹ̀ Ẹsẹ̀róbà, níbi tí ọkọ̀ ti ń jọba lórí ọkọ̀, òfin méjì ni wọ́n fi ń yangàn. Èkíní ni pé ibi tí ọkọ̀ bá kú sí ni yóò wà títí ayé: wọn a da tapólì bò ó, wọn a fi í joyè nínú ìgbìmọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ tú nọ́ọ̀tì kan lára rẹ̀. Èkejì ni pé bí ìgbìmọ̀ bá ń pinnu ọ̀rọ̀, ẹni tó bá fara mọ́ ọn yóò fọn fèrè. Ẹni tó bá dákẹ́, ó kọ̀ nìyẹn. Kò tíì sí òkú kankan nílùú nígbà tí wọ́n ṣòfin yìí. Nígbà tí òkú wá pọ̀ ju alààyè lọ ńkọ́? Ta ni yóò bi wọ́n! Epo dúdú ń kán lára àwọn olóyè sínú kànga, ìlú sì ń pè é ní àpọ́nlé.

Kànga tó bàjẹ́ yìí ló fà á tí Tánkà fi ń ré òkè kọjá lójoojúmọ́ lọ pọnmi wá fún ìlú, torí ẹ́ńjìnnì tí kò rómi mu, jíjó ni yóò jó. Ṣùgbọ́n jíà Tánkà ti jẹ, àyà rẹ̀ sì ń já lórí òkè. Bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ òkè yẹn gan-an ni Olóyè Bọ́lẹ́kájà kú sí, jíà rẹ̀ kò lábùkù, ó sì bá ti Tánkà mu rẹ́gí. Ojoojúmọ́ ni Tánkà ń kọjá lára ohun tí yóò gbà á là, inú a sì máa bí i.

Nígbà tó sú u, ó bẹ ọba kó pe ìgbìmọ̀ sí ẹsẹ̀ òkè náà.

“Kábíyèsí, mo forí balẹ̀,” ni Tánkà wí. “Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Jíà tí bàbá mi Bọ́lẹ́kájà kò lò mọ́, ẹ jẹ́ kí n fi pọnmi. Bí mo bá dúró, gbogbo wa la ó dúró.”

Ọba Àjàgbé, tí ẹlòmíràn ń pọnmi fún, wúkọ́ èéfín. “A gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ikú erin là ń rí oríṣiríṣi ọ̀bẹ. Lónìí jíà, lọ́la táyà; lọ́túnla ẹ ó ní kí n bọ́ bíréèkì mi fún yín! Síbẹ̀, n kò ní í dá a ṣe. Ẹni tó bá fara mọ́ ọn, kó fọn fèrè.”

Gbogbo alààyè fọn fèrè, ilẹ̀ mì tìtì. Ọba wá yíjú sí àwọn abẹ́ tapólì. Kẹ́kẹ́ pa.

“Ẹ ò rí i? Àwọn bàbá wa kọ̀.”

“Kábíyèsí, bátìrì wọn ló ti kú!” ni Tánkà ké.

“Má rí àgbà fín!”

Ohun tó hàn gbangba báyìí ni ọba kò fẹ́ gbọ́. Tánkà bá tún kọrí sí òkè, ó lọ pọnmi.

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà mú gan-an. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Tánkà ń ti orí òkè bọ̀ pẹ̀lú omi nígbà tí jíà já. Ó já ṣòòrò wálẹ̀ títí ó fi dojú dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Olóyè Bọ́lẹ́kájà, omi ìlú sì dà sínú iyanrìn. Ìlú sáré dé. Kí bátìrì rẹ̀ tó tán, ó ní, “Ẹ tú mi. Táńkì mi ṣì dára. Ẹ gbé e lé ẹlòmíràn lẹ́yìn kó lọ pọnmi, kí òùngbẹ má baà pa yín.”

Ọ̀rọ̀ náà dun ọba dé inú. Ó yin Tánkà títí, ó fi í joyè, ó ní kí wọ́n da tapólì tuntun bò ó. Lẹ́yìn náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ní, “Ẹni tó bá fẹ́ kí a tú Olóyè Tánkà, kó fọn fèrè.”

Àwọn alààyè fọn tiwọn, ohùn wọn ti há. Tánkà, tó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ lábẹ́ tapólì, fi gbogbo agbára tẹ fèrè tirẹ̀. Kò dún.

“Ẹ wò ó,” ni ọba wí, “òun fúnra rẹ̀ ti yí ọkàn padà.”

Wọ́n tú ká pẹ̀lú òùngbẹ wọn. Ìgbà náà ni Tánkà gbọ́ ohùn kan tó ti há kanlẹ̀ láti abẹ́ tapólì kejì. Bọ́lẹ́kájà ni.

“Ọmọ mi, láti ọjọ́ tí o ti tọrọ jíà ni mo ti ń kígbe pé kí o mú un.”