Òjò Tí Kì Í Rọ̀ ní Sátidé

Adépọ̀jù kì í dúró kí ẹlòmíràn fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òun fúnra rẹ̀ ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀, á sì ti máa rẹ́rìn-ín ara rẹ̀ kí ó tó dé ibi tí ẹ̀rín wà.

Ní ọdún 1959 tí ó ṣẹlẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, akọ̀wé sì ni ní oko ìdánwò kan tí ìjọba dá sí ẹ̀yìn ìlú Ìkìrun. Agolo kan wà láàárín pápá oko náà tí wọ́n fi ń gba omi òjò. Láràárọ̀, bí aago mẹ́sàn-án bá ti lù, Adépọ̀jù yóò da omi inú agolo náà sínú ife gíláàsì tí wọ́n fa ìlà sí lára, yóò wo iye ìlà tí omi dé, yóò kọ ọ́ sínú ìwé, yóò sì da omi nù. Lọ́jọ́ tí òjò kò bá rọ̀, yóò kọ òdo. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í nígbà náà pé iṣẹ́ wo ni ó ń ṣe, á kọ́kọ́ tún ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, á wá ní, "Èmi ni mo ń wọn òjò fún ìjọba."

Ohun kan ṣoṣo tí ó ń dí iṣẹ́ ìjọba náà lọ́wọ́ ni Àyìnkẹ́. Aránṣọ ni Àyìnkẹ́ ní Òkukù. Sátidé ni ọjọ́ tí Adépọ̀jù lè lọ kí i, àárọ̀ kùtù nìkan sì ni ọmọbìnrin náà ráyè ọ̀rọ̀, kí àwọn oníbàárà tó kún ìsọ̀. Nítorí náà, ní gbogbo Sátidé, ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán tí Adépọ̀jù á ti gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Àwọn obìnrin Inísà á ṣì máa gbálẹ̀ ojúlé wọn lọ́wọ́ nígbà tí ó bá ń kọjá, aago mẹ́jọ kò sì ní í lù kí ó tó dé Òkukù. Ìrọ̀lẹ́ ni ó ń padà.

Ta wá ni ó ń wo agolo lọ́jọ́ Sátidé? Kò sẹ́ni kankan. Láti ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè ni Adépọ̀jù ti ń kọ òdo sílẹ̀ de Sátidé. Bí ó bá di àárọ̀ Sọ́ńdè, á wọn gbogbo omi tí ó bá nínú agolo, á sì kọ ọ́ sábẹ́ Sọ́ńdè. Ó máa ń fi ọkàn ara rẹ̀ balẹ̀ pé, "Omi náà kò kúkú sọnù."

Nígbà tí ó di oṣù kọkànlá, lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Oyèdélé, tí ó wà ní Òṣogbo. Ìbéèrè kan péré ni ó wà nínú rẹ̀: láti oṣù kẹrin títí dé òpin oṣù kẹwàá, ẹ̀ẹ̀melòó ni òdo jáde nínú ìwé òjò Ìkìrun?

Inú Adépọ̀jù dùn bí ẹni tí wọ́n fi jẹ oyè. Ó gbé síléètì àti ṣọ́ọ̀kì, ó ṣí ìwé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà kan fún òdo kọ̀ọ̀kan tí ojú rẹ̀ bá rí. Nígbà tí ó ka àwọn ìlà náà, wọ́n jẹ́ mọ́kànléláàádọ́sàn-án. Ẹnu yà á. Gbogbo ọjọ́ tí ó wà nínú oṣù méjèèje kò ju igba ó lé mẹ́rìnlá lọ. Bí òjò bá kọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, iṣu ọdún náà ì bá ti gbẹ sínú ebè. Ó tún ìwé wò. Àṣé ó ti ka òdo tí ó wà lẹ́yìn 10, ó ti ka ti 40, ó sì ti ka méjèèjì tí ó wà nínú 100!

"Akọ̀wé ìjọba," ni ó wí fún ara rẹ̀, ó sì nu síléètì.

Ní ìgbà kejì, ó fi ìka lé ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin, ó ń sọ̀ kalẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí òdo bá dá wà láyè ara rẹ̀, á fa ìlà kan. Bí nọ́ńbà mìíràn bá ni, á kọjá lọ. Ó jẹ́ méjìlélọ́gọ́fà. Ó tún un kà, ó tún jẹ́ méjìlélọ́gọ́fà.

Bí ó bá dá a dúró níbẹ̀, ì bá ti yọ. Ṣùgbọ́n ó wá rò ó pé ọ̀gá kò mọ bí a ti ń bèèrè nǹkan ni. Ó fa ìlà pupa sórí ìwé funfun, ó pín in sí ojú méje, ó sì tún gbogbo òdo náà kà lọ́jọ́ lọ́jọ́. Mọ́ńdè ní mẹ́rìndínlógún, Túsìdeè ní mẹ́tàdínlógún, Wẹ́sìdeè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Tọ́sìdeè méjìdínlógún, Fúráìdè mẹ́rìndínlógún, Sátidé mọ́kànlélọ́gbọ̀n, Sọ́ńdè mẹ́sàn-án. Ó rò wọ́n pọ̀, wọ́n pé méjìlélọ́gọ́fà géérégé. Ẹwà ìlà pupa náà kò jẹ́ kí ó ka ohun tí ó kọ. Ó kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé, "Sà, mo rò pé èyí yóò wúlò fún yín," ó sì fi ránṣẹ́.

Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí Ọ̀gbẹ́ni Oyèdélé fi gun alùpùpù dé. Ó tẹ́ ìwé ìlà pupa náà sórí tábìlì.

"Adépọ̀jù, o ṣeun fún iṣẹ́ tí n kò rán ọ."

"Kò tọ́pẹ́, sà."

"Sátidé mélòó ni ó wà láti oṣù kẹrin dé òpin oṣù kẹwàá?"

Adépọ̀jù ṣí kàlẹ́ńdà, ó kà á. "Mọ́kànlélọ́gbọ̀n, sà."

"Òdo mélòó ni o kọ sábẹ́ Sátidé?"

Adépọ̀jù wo ìwé náà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ó rí i nìyẹn. "Mọ́kànlélọ́gbọ̀n, sà."

"Ṣé òjò Ìkìrun ń pa Sábáàtì mọ́ ni? Mo tún rí i pé ó máa ń múra sí iṣẹ́ gidigidi ní Sọ́ńdè."

"Sà, afẹ́fẹ́ ìhà ibí yìí..." Adépọ̀jù gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ojú sì tì í. "Mi ò sí nílé ní Sátidé, sà. Òkukù ni mo máa ń lọ. Mo ní ẹnì kan níbẹ̀."

"Òjò kì í rọ̀ ní Òkukù náà?"

"Á! Ó máa ń pa mí, sà. Ní oṣù keje, ó pa mí títí mo fi ń gbọ̀n."

Ọ̀gbẹ́ni Oyèdélé yíjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ sì ń mì. Nígbà tí ó yí padà, kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ìwé yìí ni a ó fi sọ ìgbà tí àwọn àgbẹ̀ yóò gbin àgbàdo. Ẹni tí ó bá gbà ọ́ gbọ́ ni yóò jìyà rẹ̀. Mú gègé."

Ó ní kí ó fa igi lé òdo Sátidé kọ̀ọ̀kan, kí ó kọ "A kò wò ó" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ ní kíkún tẹ̀ lé e. Ó gba omi mu, ó jókòó tì í. Nígbà tí Adépọ̀jù kọ ọ́ dé ìkejìdínlógún, ọwọ́ ń dùn ún. Nígbà tí ó di ìkẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ti ń burú lójú rẹ̀.

"Òdo mélòó ni ó wá kù?"

"Mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, sà."

"Ìyẹn ni mo bèèrè," ni Ọ̀gbẹ́ni Oyèdélé wí, ó sì gun alùpùpù rẹ̀ lọ.

Ní Sátidé tí ó tẹ̀ lé e, Adépọ̀jù dúró ti agolo títí aago mẹ́sàn-án fi lù. Kò sí omi nínú rẹ̀. Ó kọ òdo, ó sì gun kẹ̀kẹ́. Oòrùn ti mú kí ó tó kọjá Inísà, gbogbo ẹ̀wù rẹ̀ sì ti tutù fún òógùn nígbà tí ó dé Òkukù. Ìsọ̀ ti kún. Àyìnkẹ́ kò lè gbójú sókè lórí ẹ̀rọ. Àwẹ̀ró, ìyá Àyìnkẹ́, ni ó rí i, ó sì pariwo ayọ̀.

"Adépọ̀jù! O ti wá ríṣẹ́ nìyẹn! Àti oṣù kẹrin ni mo ti ń sọ fún Àyìnkẹ́ pé ọkùnrin tí ó ń dé láago mẹ́jọ ní gbogbo Sátidé, kò níṣẹ́ kankan lọ́wọ́. Ó ní o ń wọn òjò. Mo ní kí ó dákẹ́, pé ta ni í wọn òjò? Ọpẹ́ ni fún Olúwa. O kú oríire."

Àyìnkẹ́ tẹrí mọ́ aṣọ tí ó ń rán, ẹ̀rín sì ń gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì. Adépọ̀jù ronú bóyá kí ó ṣàlàyé. Ó rántí ibi tí àlàyé rẹ̀ ìgbẹ̀yìn gbé e dé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ó dúpẹ́ oríire, ó sì jókòó sórí àpótí tí wọ́n gbé fún un lẹ́nu ọ̀nà, ó ń dúró kí àwọn oníbàárà tán. Wọn kò tán títí aago mẹ́rin fi lù.