Àmì Ṣọ́ọ̀kì Ràṣídì

Fún ogún ọdún gbáko, tírélà kan kì í kúrò ní gáréèjì Sekona, lẹ́bàá Ẹdẹ, láìjẹ́ pé Ràṣídì ti rá wọ abẹ́ rẹ̀, kó yẹ bíréèkì wò, kó sì fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí táyà iwájú. Èyí tí kò bá ní ìlà, wọn kò ní ṣí géètì fún un. Kódà bó jẹ́ ti ọba ni, yóò dúró.

Nígbà tó di èṣí, ìjọba ní kí gbogbo ìyẹn dópin: ẹni tó bá ti ní tírélà, kó máa kẹ́rù ní iye tó bá wù ú, kí gáréèjì má yẹ ọkọ̀ ẹnikẹ́ni wò mọ́. Àwọn èèyàn yọ̀, wọ́n ní sìmẹ́ǹtì yóò dínwó. Owó ẹrù já wálẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kò tún ọkọ̀ ṣe dáadáa mọ́. Ràṣídì wá di ẹni tí ń jókòó sórí táyà àlòkù látàárọ̀ dalẹ́.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan, Zakariyah ọmọ rẹ̀ wa tírélà sìmẹ́ǹtì wọlé. Òórùn bíréèkì tó ń jó ló ṣáájú ọkọ̀ dé. Bàbá rá wọ abẹ́ rẹ̀. Bíréèkì ti jẹ dé irin.

"Zakariyah, ọkọ̀ yìí ò lọ síbì kankan lónìí."

"Mo ti sọ fún ọ̀gá, Bàbá. Wọ́n ní bí mi ò bá dé Ìbàdàn kílẹ̀ tó ṣú, kí n kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Èèyàn mẹ́ta ló ń dúró de iṣẹ́ yìí."

"Kó o sílẹ̀."

"Fawziyah ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ fún mi ni, Bàbá."

Bàbá rá jáde lábẹ́ ọkọ̀.

"Ẹ ṣáà bá mi fàlà sí i," ni ọmọ náà wí. "Ọkọ̀ tẹ́ ẹ bá fàlà sí kì í jábọ́."

Inú bí Ràṣídì. Iṣẹ́ tó fi ojú àti ọwọ́ ṣe lógún ọdún ni wọ́n sọ di oògùn yìí. Ṣùgbọ́n bí kò bá fà á, ọmọ yóò lọ náà ni, ẹ̀rù ni yóò kàn bá a lọ. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà yìí, orí ọmọ sì ń wọ́ lójú rẹ̀.

Ó fà á.

Zakariyah dúpẹ́, ó wakọ̀ lọ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Bàbá kò tíì nàró tán nígbà tí tírélà méjì mìíràn dé, wọn kò pa ẹ́ńjìnnì.

"Bàbá, ẹ fa tiwa náà," ni awakọ̀ àkọ́kọ́ wí. "Ẹ má wulẹ̀ wọ abẹ́ rẹ̀, à ń kánjú."

Ràṣídì nàró tán. Ó kọjú sí ọ̀nà tí ọmọ rẹ̀ gbà, ó ń dẹtí sí ìró ọkọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ariwo ọkọ̀ àwọn yìí kò jẹ́ kó gbọ́ nǹkan kan.