Igi Àgbálùmọ̀ Wá sí Ìpàdé

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o. Oorun ọ̀sán ni mo sùn lánàá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi lábẹ́ igi àgbálùmọ̀, tí àlá kan fi gbé mi.

Àwa obìnrin ilé ń ṣèpàdé. Ẹní tí a jókòó lé ń léfòó lókè òrùlé, kò sì yà mí lẹ́nu. Atẹ́gùn ibẹ̀ dára. Igi àgbálùmọ̀ náà wà níjòókòó pẹ̀lú wa. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ la ń sọ: ṣé ká gé e ni, àbí ká fi í sílẹ̀? Ìdí igi yẹn ni ọmọ mi ti kọ́ ìrìn. 

Ìyálé wa ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bó ti lanu ni irùngbọ̀n hù sí i lágbọ̀n, ó di ewúrẹ́. A kí i kú oríire, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ: "Ewé rẹ̀ ti pọ̀ jù. Bóyá ká gé e."

"Bí ẹ ṣe wí náà ni," ni Ìyá Oyèníran, ìyàwó tó tẹ̀ lé ìyálé, wí.

Ẹ mọ àṣà ilé wa: ìyàwó tó dé kẹ́yìn ló ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Igi yíjú sí mi. "Ìyàwó, ìwọ ńkọ́?"

"Bí wọ́n ṣe wí náà ni."

Ojú tì mí. Igi ò bínú; ó ń ká ewé rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀ bí obìnrin tó ń padà sílé bàbá rẹ̀. Àwa pàtẹ́wọ́. A ní ìpàdé ọ̀hún dùn, kò sí ìjà, kò sí ariwo.

Ni ẹní bá di ilé ìdáná. Ìyá Oyèníran fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. "Èmi ò fẹ́ kí wọ́n gé e o. Nítorí ìyálé ni mo ṣe gbà."

Ewúrẹ́ yọrí láti inú ìkòkò. "Ta ló fẹ́ gé e? Ṣebí ewé rẹ̀ ni mò ń jẹ! Mo rò pé gbígbá ewé rẹ̀ nílẹ̀ ti sú ẹ̀yin ni."

Mo bá jí. Ewúrẹ́ kan ń jẹ ewé lẹ́sẹ̀ mi. Ìyálé mi dúró tòun ti ìgbálẹ̀.

"Ìyàwó, igi yìí, ṣé ká gé e? Àwọn yòókù ti gbà."

"Bí ẹ ṣe..." Ewúrẹ́ náà gbójú sókè, ó ń wò mí.  "Ìyálé mi, ẹ má bínú. N ò fẹ́."

 Ó wáá ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó tì mí lábẹ́ igi.

"Háà," ló wí, "ẹnìkan ti sọ tinú rẹ̀ nílé yìí."