Ilé Iṣẹ́ Tí Kò Ní Ilẹ̀kùn Omi

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé. Ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ẹ̀gbọ́n ló ṣe é, àbúrò ló kó o, ojú ọ̀pọ̀ èèyàn ni wọ́n sì ti gbé e lé e lórí.

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń pa aṣọ láró ni àwọn méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n ni fọ́máànù. Àbúrò ló ń ṣọ́ táńkì ńlá tí omi ìdọ̀tí ń dà sí lẹ́yìn ilé. Ilẹ̀kùn irin kan wà nídìí táńkì yìí, ọrùn àbúrò sì ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ máa ń wà. Òfin ni pé kí omi náà kọ́kọ́ tòrò kí wọ́n tó ṣí i díẹ̀díẹ̀ sínú odò. Bí táńkì bá kún, kí iṣẹ́ dúró.

Òjò ọdún náà kò mọ̀wọ̀n ara rẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n ní kí àbúrò yá òun ní kọ́kọ́rọ́, kó sì máa lọ sílé. Àbúrò bọ́ ọ lọ́rùn fún un, ó lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, odò ti pọ́n bí ojú abínú, ẹja ti léfòó, ikùn wọn sókè, láti abẹ́ afárá títí dé ibi tí àwọn alágbàfọ̀ ti ń fọṣọ. Oníléeṣẹ́ pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ.

"Ta ló ṣí i?"

Ẹ̀gbọ́n kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. "Àbúrò mi ni, ọ̀gá. Ó gbàgbé ilẹ̀kùn sílẹ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọlọ́pàá mú un."

Àbúrò la ẹnu, ó tún pa á dé. Ìyá wọn ti kọ́ ọ pé a kì í pe ẹ̀gbọ́n ẹni ní òpùrọ́ lójú àlejò. Bó bá délé, kó bá a sọ ọ́ níbẹ̀. Ó dákẹ́ títí wọ́n fi délé. Nílé, ẹ̀gbọ́n ní, "Fara dà á, jọ̀ọ́. Ìyàwó mi lóyún." Ó tún dákẹ́. Dídákẹ́ náà ló wá di ẹ̀rí tí wọ́n fi dá a lẹ́bi. Wọ́n lé e, àdúgbò sì sọ ọ́ ní Májèlé. Ìyàwó rẹ̀ tó ń ta ẹja kò rí ẹni rà á lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Obìnrin náà di ẹrù rẹ̀, ó padà sílé àwọn òbí rẹ̀, ibẹ̀ ló sì kú sí.

Májèlé búra pé ẹnu tó pa irọ́ náà ni yóò tú u, òun kò ní bá a tú u. Àwọn èèyàn a máa ní bí irọ́ rìn fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa lé e bá. Májèlé a pòṣé. Òtítọ́ tirẹ̀, arọ ni.

Ó di aránbàtà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó wà nínú oyún nígbà náà, dàgbà, ó kàwé, ó di ẹnjiníà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ wọ inú ṣọ́ọ̀bù Májèlé, nítorí òrùlé ibẹ̀ kò ga.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Kékeré."

"Ìwọ ni? Bàtà ẹ ló já ni, àbí ọ̀nà ló ṣì ẹ́ gbé wá síbí?"

"Bàtà mi ò já. Mo wá pè yín ni. A fẹ́ kọ́ ilé iṣẹ́ tuntun sórí ilẹ̀ àtijọ́ yẹn, èmi ni mo ya àwòrán rẹ̀. Àdúgbò fẹ́ ṣèpàdé lé e lórí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá."

"Kí n wá ṣe kí ni? Ṣé wọn ò rí ẹni bú ni?"

"Ó ti tó o, Bàbá Kékeré. Wọ́n ti dárí jì yín tipẹ́."

Abẹ́rẹ́ gún Májèlé níka. Ó fi ẹnu fa ẹ̀jẹ̀ náà. "Wọ́n dárí jì mí," ó ní. "Wọ́n mà ṣeun o. Ṣé bàbá ẹ ń bọ̀?"

"Wọ́n ń bọ̀."

"Mà á wá."

Abẹ́ àtíbàbà páànù tí wọ́n ti ń sá aṣọ nígbà kan ni ìpàdé náà wà. Àwọn òpó ibẹ̀ ti dípẹtà, aró àtijọ́ sì ṣì wà lára ilẹ̀ bí ọgbẹ́ tó jiná tí kò padà sí àwọ̀ ara. Ẹ̀gbọ́n jókòó níwájú, ó fi àgbọ̀n ti ọ̀pá. Májèlé dúró lẹ́yìn pátápátá, nítòsí ògiri. Wọn ò kí ara wọn. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọmọ náà ti fi pákó àti gíláàsì kọ́ ilé iṣẹ́ kékeré kan sórí tábìlì. Ó da omi aró sí i lápá kan. Omi náà gba àárín òkúta kọjá, ó gba inú yanrìn àti èédú, ó yí gba ìdí koríko etí omi, ó sì kán jáde lápá kejì bí omi òjò. Ọmọ náà gbé e mu.

"Èèpo igi àti ewé la máa fi ṣe aró wa," ó ní. "Aṣọ wa, bó bá gbó, ẹ rì í mọ́ ìdí igi, á jẹrà. Ẹrẹ̀ tó bá kù nísàlẹ̀ adágún tí omi ìdọ̀tí á kọ́kọ́ dà sí, bíríkì la máa fi mọ. Omi tó máa jáde níbẹ̀ á mọ́ ju èyí tó wọlé lọ."

Àwọn èèyàn kùn. Ìyá alágbàfọ̀ kan dìde, ọṣẹ ti jẹ ọwọ́ rẹ̀ funfun. "Mo ti rí i pé ó mọ́. Nínú gíláàsì ló ti mọ́. Ilẹ̀kùn omi ńkọ́? Ta ló máa ṣọ́ ọ?"

"Ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ fún Májèlé!" ni ẹnì kan pariwo. Ẹ̀rín bú.

Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. "Kò ní ilẹ̀kùn, Ìyá. Mo ti yọ ọ́ kúrò. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ìtàn táńkì yẹn. Ẹnì kan gbàgbé ilẹ̀kùn sílẹ̀, odò kú. Mi ò bínú sí i, ẹbí mi ni. Ṣùgbọ́n tìtorí ẹ̀ ni mo ṣe ya ilé iṣẹ́ tí ọwọ́ aláìbìkítà kankan ò ní lè bà jẹ́."

Májèlé fẹ̀yìn ti ògiri. Ó ti rò pé àbùkù òun kò kọjá ẹnu àwọn èèyàn àdúgbò. Kò mọ̀ pé ọmọ yìí ti yà á mọ́ àwòrán, láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé.

"Bí òjò bá wá kún adágún yín ńkọ́?" ni alágbàfọ̀ bi í.

"Kò lè kún. Bí táńkì àtijọ́ ṣe gbomi tó ni mo ṣe wọ̀n ọ́n. Táńkì yẹn ò sì kún rí, bó ti wù kójò pọ̀ tó. Bàbá mi tó jẹ́ fọ́máànù níbẹ̀ ló sọ fún mi. Àìbìkítà ló pa odò, kì í ṣe omi púpọ̀."

Májèlé rántí bí táńkì náà ṣe kún nírọ̀lẹ́ tó bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn. Adágún náà máa kún. Níwọ̀n bí kò ti sí ilẹ̀kùn, àkúnwọ́sílẹ̀ rẹ̀ kò ní rí ibòmíràn gbà ju òpópónà ìsàlẹ̀ lọ, ibi tí àwọn alágbàfọ̀ ń gbé. Gbólóhùn kan péré láti ẹnu òun ti tó láti dá a dúró. Ó wo ẹ̀yìn orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, irun rẹ̀ ti funfun káàkiri. Ó pa eyín pọ̀. *Jẹ́ kó kọ́ ọ,* ó sọ nínú ara rẹ̀. *Jẹ́ kó kún.* Ọ̀rọ̀ náà korò lẹ́nu òun fúnra rẹ̀, kò sì tu ú dànù.

"Ẹni tó bá fara mọ́ ọn, kó nawọ́," ni ọmọ náà wí.

Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè. Ti alágbàfọ̀ náà lọ sókè. Ọmọ náà yíjú sí bàbá rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Dádì, ẹ̀yin náà, ẹ nawọ́."

Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n kò kúrò lórí ọ̀pá.

"Dádì?"

"Ó kéré," ni bàbá náà wí. "Sọ adágún yẹn di ńlá."

"Ilé àwọn èèyàn la máa wó ká tó lè fẹ̀ ẹ́. Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn? Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé táńkì ò kún rí."

"Mo mọ ohun tí mo sọ."

"Ṣé irọ́ ni?"

Gbogbo ọwọ́ tó wà lókè bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Bàbá náà yí ọrùn, ó ń wá ojú àbúrò rẹ̀ láàárín èrò, ó rí i. Ó wò ó bí ẹni ń tọrọ omi. Májèlé kò mi orí, kò gbójú kúrò. Ìyàwó rẹ̀ tí ì bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí kó sì padà wálé ti wà nínú ilẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò tìtorí rẹ̀ yọ̀ mọ́.

"Táńkì yẹn kún," ni ẹ̀gbọ́n wí. Ohùn rẹ̀ kò dé ẹ̀yìn, ó sì tún un sọ. "Ó kún dẹ́nu. Kò sẹ́ni tó gbàgbé nǹkan kan sílẹ̀. Mo bẹ̀rù pé bí iṣẹ́ bá dúró, wọ́n á lé mi."

"Ta ló wá ṣí i?" ni ọmọ rẹ̀ béèrè.

"Àbúrò mi ti lọ sílé. Èmi ni mo ṣí i. Èmi ni mo ṣí i, mo sì pa irọ́ mọ́ ọn."