Oyin Tó Dì

Ìgò oyin mẹ́ta tí aránṣọ fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n obìnrin ọkọ rẹ̀ ni màmá náà gbé padà wá kalẹ̀ sórí tábìlì tí aránṣọ ti ń gé aṣọ. Oyin inú wọn ti dì gbagidi, ó funfun bí ọ̀rá.

"Ìyàwó, ṣé ṣúgà lo bù sí i ni?" Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni màmá náà, kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. "Gbogbo ọdún tí àbúrò mi fi sin oyin, tirẹ̀ ò dì rí."

Ọ̀rọ̀ náà dun aránṣọ wọ eegun. Láti ọdún méjì tí ọkọ rẹ̀ ti kú, òun nìkan ló ń tọ́jú àpótí oyin mẹ́rin ẹ̀yìnkùlé. Oyin ti ta á títí ojú rẹ̀ fi wú, kò torí ẹ̀ jáwọ́. Èyí tó wá dùn ún jù ni pé òun náà ò mọ ohun tó mú oyin yìí dì. Bóyá ọwọ́ òun ni ò dáa.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká jọ lọ wò ó."

Àpótí kan wà tí kò tíì gé afárá rẹ̀ rárá. Àwọn méjèèjì da àwọ̀n borí, aránṣọ fín èéfín sí i, ó yọ afárá kan, ó sì fa ọ̀bẹ lé màmá lọ́wọ́. Màmá là á. Oyin inú rẹ̀ ti dì bí iyọ̀ tútù.

"Ìda ṣì bò ó mọ́lẹ̀, mà. Ibo ni mo gbà bu ṣúgà sí i?"

Màmá tọ́ ọ wò. Ó wo òdìkejì ọgbà, níbi tí kùkùté igi pọ̀ sí. "Wọ́n ti gé àwọn igi yẹn?"

"Láti èṣí ni." Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń yé òun fúnra rẹ̀. "Òdòdó wọn ni oyin ń fà nígbà ayé àbúrò yín. Òdòdó ẹ̀bá títì ló kù fún wọn báyìí. Ó ní láti jẹ́ pé òun ló ń mú un dì; kò lè rí bákan náà mọ́."

Ohùn màmá rẹlẹ̀. "Adùn ọwọ́ àbúrò mi ni mò ń wá. Má bínú."

Aránṣọ gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí òun náà ti ń wá láti ọdún méjì nìyẹn.

"Ìgbà wo lo tún máa gé e?" ni màmá bi í.

"Ó di ẹ̀ẹ̀rùn, mà."

"Ránṣẹ́ pè mí. Wàá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fín in."