Gílóòbù Etí Klanko

Láti inú ohun tí àwọn ará ìlú Port Pirie kó dà síwájú ilé wọn ni Merv Tolhurst ti ṣe Klanko. Garawa ìdọ̀tí onítáyà méjì, tó dé ọ̀kan lé èkejì, ni ara rẹ̀. Rọ́bà tí ooru ń gbà jáde lára ẹ̀rọ tó ń mú aṣọ gbẹ ni apá. Ìdérí ìgò jáàmù ni bọ́tìnì àyà. Oṣù méje ló fi ṣe é, lórí owó ìfẹ̀yìntì nìkan. Ó ga tó Merv fúnra rẹ̀.

Ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, Klanko àkọ́kọ́ ni róbọ́ọ̀tì inú ètò ọmọdé lórí tẹlifíṣàn ìlú náà. Merv ló ń wọ inú rẹ̀. Dulcie, ìyàwó rẹ̀, ló kàn án, òun ló kùn ún. Nígbà tí ètò náà parí, àwọn ará tẹlifíṣàn gbé e lọ sí ààtàn. Wọn ò sọ fún àwọn méjèèjì.

Ní báyìí Dulcie wà ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ó ti ń lọ sí ọdún kan tí kò mọ Merv mọ́. Bàbá ló ń pè é, bí ẹni ń pe àlejò. Àmọ́ lọ́jọ́ kan, ó bi nọ́ọ̀sì pé, “Klanko dà?” Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú kí Merv bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó fẹ́ kí Dulcie wo Klanko, kí ojú rẹ̀ sì ti ibẹ̀ bọ́ sára òun.

Orí nìkan ló kù. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe róbọ́ọ̀tì àtijọ́ nílé ló ní mọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń rọ ọ́. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fúnni ní orí, bí iṣẹ́ ẹni bá ti bá fọ́tò mu. Fọ́tò Klanko kan ṣoṣo ló kù. Trent Uphill, alága wọn, mú un wá ní Sátidé, òun àti téèpù.

Ó wọn gbogbo ara, ó ní ó dáa. Nígbà tó rí orí tí Merv yà sórí páálí, ó dúró.

“Bàbá, etí ọ̀tún ni gílóòbù wà nínú fọ́tò. Òsì lẹ fi sí.”

“Òsì ló wà.”

“Ta ló sọ?”

“Èmi. Ọdún mẹ́fà ni mo fi wà nínú rẹ̀.”

Trent rẹ́rìn-ín. “Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Inú lẹ wà. Ẹni tó ń wa mọ́tò, ṣé ó ń rí iná ẹ̀yìn ni?”

“Mo mọ ibi tó wà.”

“Ọmọ ọdún mélòó ni yín, bàbá?”

“Mọ́kàndínlọ́gọ́rin.”

“Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹ fi sí ọ̀tún, ẹ gba orí. Ẹ fi sí òsì, ẹ lọ fi abọ́ sàláàdì ṣe é.”

Merv wo fọ́tò náà títí. Báyìí náà ni nǹkan tí kò rí bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń dá Dulcie lójú nígbà tí àìsàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rù bà á.

“Ó dáa,” ó ní. “Ọ̀tún.”

Ní Ọjọ́bọ̀, ó yí Klanko wọ yàrá ìjókòó àwọn arúgbó. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Dulcie dìde, ó gbé ọwọ́ lé àwọn ìdérí jáàmù, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Merv dúró sí ẹ̀gbẹ́ róbọ́ọ̀tì náà, ó ń dúró de ojú rẹ̀. Dulcie gbójú sókè wo orí. Ó fa ọwọ́ padà.

“Ta ló ṣe èyí?”

“Èmi ni, Dulcie.”

“Ẹ ò rí Klanko rí, bàbá. Etí òsì ni mo fi gílóòbù sí. Ó jó ọkọ mi níbẹ̀. Ká ní òun ló ṣe é ni, ì bá mọ̀.”

Merv yí etí òsì rẹ̀ sí i. Àpá náà wà níbẹ̀, ó tóbi tó bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì.

Dulcie wò ó dáadáa. “Ẹ pẹ̀lẹ́ o,” ó ní. “Iná jó ẹ̀yin náà?”

Ó padà sídìí tíì rẹ̀.

Nílé, Merv fi awò wo fọ́tò tí Trent fi sílẹ̀. Aago kan wà lára ògiri lẹ́yìn Klanko. Ẹẹ́ta wà níbi tó yẹ kí ẹẹ́sàn-án wà. Ẹni tó tẹ fọ́tò náà ló tẹ̀ ẹ́ sódì, òsì di ọ̀tún.

Ó tú orí, ó gbé e padà fún Trent.

“Kí ló dé?” Trent bi í. “Ṣé kò bá fọ́tò mu ni?”

“Ó bá a mu,” ni Merv wí.